Ọjọ́ Jímọ̀ Tí Ìléru Wa Kú

Òórùn ẹja yíyan láti Makoko kì í jẹ́ ká gbádùn yàrá iṣẹ́ wa ní Yaba. Tí atẹ́gùn bá ti fẹ́ láti ojú ọ̀sà, á gba ojú fèrèsé wọlé, á dà pọ̀ mọ́ ooru ìléru wa, ooru gbígbẹ tó máa ń gbẹ ètè ẹni. Ọ̀rẹ́ mi, ó rẹ̀ wá nígbà yẹn o! Èmi àti ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Mushin, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ oyè dókítà wọn, la jọ wà níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ fi iná sólà fa háídírójìn jáde lára omi. Omi á hó di ooru, a ó rán an gba ara àwo sẹ̀rámíìkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan nínú ìléru tó pọ́n bí ẹyin iná, iná sólà á wá ya háídírójìn sọ́tọ̀, á ya ọ́síjìn sọ́tọ̀. Gáàsì tí kì í rú èéfín rárá! Ìwọ náà ṣáà mọ ohun tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ń fi ojú wa rí, o mọ ìdí tó fi wù wọ́n.

Àwo yẹn ò fẹ́ ìkánjú. Díẹ̀díẹ̀ la ń mú un gbóná, díẹ̀díẹ̀ la sì gbọ́dọ̀ mú un tutù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á sán. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù, ọ̀gá wa sì ti ní kò sí òmíràn mọ́. Tó bá ṣiṣẹ́ di Mọ́ńdè, ẹ̀gbọ́n gboyè nìyẹn. Tó bá fọ́, ó parí. A wá ń pín oorun sùn, àmọ́ ẹ̀gbọ́n kì í gba ìpín tiwọn.

Lọ́sàn-án Jímọ̀, mo jáde lọ pọnmi. Nígbà tí mo dé, ẹ̀gbọ́n ti lọ kírun, ìgò omi tí háídírójìn máa ń gbà hó jáde sì ti dákẹ́. Mo wo ara ògiri, súwíìṣì ìléru ti wà ní pípa. Yéè! Bí mo ṣe ní kí n tàn án, mo gbọ́ "kọ́" nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Àwo ti sán.

Ẹ̀gbọ́n wọlé. "Ta ló pa á?"

Àwa méjì péré la ní kọ́kọ́rọ́. Wọ́n wo súwíìṣì, wọ́n wá wo ọwọ́ wọn. Nílé bàbá wọn ní Mushin, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jáde láìpa gbogbo iná, kí iná ìjọba tó bá dé lójijì má baà jólé. Àtikékeré lọwọ́ wọn ti mọ̀ ọ́n.

"Èmi ni," wọ́n ní. "Wallahi, mi ò rántí."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó ná."

Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri. Kí n tó bu omi wá, wọ́n ti sùn lọ. Àánú wọn ṣe mí gan-an.

Wọn ò gboyè yẹn mọ́. Físíìsì ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní Surulere báyìí. Èmi ṣì wà nídìí ìléru. Nígbà tí àwo tuntun tí a rí rà lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn wá ṣiṣẹ́ dópin, ẹ̀gbọ́n ni mo kọ́kọ́ pè. Mo rò pé wọ́n á béèrè bí háídírójìn ṣe pọ̀ tó.

"Ìwọ ńkọ́," wọ́n ní, "ṣé o ti sùn?"

Omi bọ́ lójú mi. Gbogbo bí a ṣe ń ṣọ́ àwo yẹn tó, kò sẹ́ni tó bi ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀ lásìkò tiwọn.