Àǹtí Ilé Wa àti Radíétọ̀ Rẹ̀

Bí mo bá ti rí ẹni tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú ọkọ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń wò bóyá ara ọmọ gbóná, àǹtí kan tá a jọ gbélé ní Ìsọlọ̀, tó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọkọ̀ rẹ̀, ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló máa ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé. Ọkọ̀ ọ̀hún ti gbóná títí tó fi dákú lójú ọ̀nà Oṣòdì, àwọn òbí sì ti kìlọ̀ pé bó bá tún dákú, àwọn á wá awakọ̀ mìíràn.

Ló bá ra radíétọ̀ mìíràn, ìyẹn ohun tó ń fi omi mú kí ẹ́ńjìnnì tutù, àmọ́ kì í ṣe ti irú ọkọ̀ náà gan-an. Mẹkáníìkì tó pè wá sílé ní radíétọ̀ náà kò lè jókòó sí àyè rẹ̀.

"Gé irin tó yẹ kó dì í mú, kó o jó òmíì síbẹ̀," ni àǹtí wí. "Ó máa jókòó."

Ó jókòó lóòótọ́. Ó wá ku fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká so ó dáyírẹ́ẹ̀tì, kó máa yí ṣáá. Gbogbo Èkó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀," ni mẹkáníìkì wí.

"Èmi kọ́ ni gbogbo Èkó. Bí ọkọ̀ bá gbóná ni kó yí."

"Háà! Wàhálà yín pọ̀ ju ti ọkọ̀ yìí lọ!"

"Ìyẹn ni èmi ò ṣe tíì dákú. So ó bí mo ṣe wí."

Nígbà tó parí, àǹtí ṣíná sí ọkọ̀, ó tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn. Abẹ́rẹ́ ń gòkè. Mẹkáníìkì nawọ́ sí kọ́kọ́rọ́ kó lè pa á, àǹtí gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Àfi wùúù! Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀, abẹ́rẹ́ sì rọra sọ̀ kalẹ̀.

Kò tiẹ̀ tíì pa ọkọ̀ tó fi gbé fóònù pe ọ̀kan nínú àwọn òbí náà: "Ìyá Kẹ́mi, ẹ ní kí Kẹ́mi tètè sùn. Èmi ni mò ń bọ̀ wá gbé e láàárọ̀ ọ̀la."