Ìtàn tí Onídìrí Sọ Lára Ògiri

Òórùn ọ̀dà tútù ló máa ń pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí mo ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Ìgandò nígbà náà. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan ni yàrá náà wà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ni. Àwọn tó wá láti Kútọnu àti Kétu ló pọ̀ jù nínú akẹ́kọ̀ọ́ mi: wọ́n gbọ́ Yorùbá, wọ́n gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kò yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu.

Onídìrí kan wà níbẹ̀, ará Kétu, tí kì í lanu rárá. Lọ́jọ́ tó gbìyànjú, àwọn kan fi í rẹ́rìn-ín. Ó dúró dè mí lẹ́yìn kíláàsì. “Tíṣà, ẹ má bínú, mi ò ní wá mọ́.”

Mi ò mọ̀ bóyá ìwọ náà ti rí i rí, kí àgbàlagbà máa bẹ̀rù ohùn ara rẹ̀. Ó dùn mí. Mo sọ ohun tí mo ti ń gbèrò fún un: kí kálukú fi fóònù ya àwòrán, kó sì fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ìtàn ara rẹ̀ sí i, kí n wá fi ẹ̀rọ agbáwòrán jáde gbé e sára ògiri, ká jọ wò ó.

“Ilé yín lẹ ti máa gbà á sílẹ̀,” mo ní. “Bẹ́ ẹ bá ṣì í sọ, ẹ pa á rẹ́, ẹ tún un sọ. Ta ló máa rẹ́rìn-ín?”

Ara mi ò balẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Àmọ́ ó wá ṣá! Àwòrán kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan ló kọ́kọ́ yọ lára ògiri, lẹ́yìn náà la gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ kan tí òun ń rọbí, òun wọ kẹ̀kẹ́ ní Ìjẹ̀gùn, oníkẹ̀kẹ́ kò gbọ́ Yorùbá, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo lòun náà sì mọ̀. “Pílíìsì! Pílíìsì!” lòun ń ké, kó lè sáré. Oníkẹ̀kẹ́ rò pé gbágungbàgun ọ̀nà ló ń dun òun, ló bá túbọ̀ ń rọra wà á, títí ọmọ fi wálẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́. Àwòrán tó gbẹ̀yìn ni ti ọmọbìnrin náà, nínú yúnífọ́ọ̀mù, tó ń rẹ́rìn-ín, tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká.

Yàrá náà dàrú! Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pariwo pé kí n tún un gbé sí i. Ìbéèrè wá ń rọ́ lu ara wọn: kí ni oníkẹ̀kẹ́ ṣe? Ta ló gé ìwọ́ ọmọ? Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń bi í, Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi ń dá wọn lóhùn, ó ń ṣì í, ó ń bá a lọ, ó ń fọwọ́ júwe. Kò sẹ́ni tó fura pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, àfi èmi tí mo kó sí igun kan, tí inú mi ń dùn bí ẹni pé èmi ni mo bímọ.

Kí n tó kọ́ ẹnikẹ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì báyìí, ohun tó ń wù ú láti sọ ni mo kọ́kọ́ máa ń bi í.