Omi Tí Àwọn Ẹyẹ Sàfú Kọ̀

Mo ń yọ ìpẹ́ lára ẹja lórí pákó ẹ̀yìn ilé wa ní Òde Ugbò, ní àárọ̀ ọjọ́ tí ìròyìn náà dé. Ọmọ ọwọ́ wà lẹ́yìn mi, ó ti sùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Mojí, ọmọ ọdún méje, jókòó tì mí, ó ń ka ìpẹ́ bí ẹni pé ilé-ìwé ni wọ́n ti rán an sí i. Ìyá Dùpẹ́, tí ó máa ń kó ẹja gbígbẹ wá láti Abereke, so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ òpó ilé wa. Kò tíì gòkè tán tí ó fi ké sí mi.

"Ìyá Mojí, ẹnìkan ń béèrè yín ní Abereke o! Ó ní Sàfú ni òun, pé ẹ jọ ṣeré ní kékeré. Ọ̀tunla ni wọn yóò padà sí Wàrí."

"Sàfú wo?" ni mo wí, bí ẹni tí ó mọ Sàfú méjì.

"Ọmọ Bàbá Ìmàle tí ó ń ta ìwọ̀ àti aṣọ nígbà kan. Háà, ayé gba tirẹ̀ o! Ẹ ò ní rí i kí ẹ má bojú wẹ̀yìn tún un wò."

Kì í ṣe ayọ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ nínú mi. Owú ni. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti rí Sàfú kẹ́yìn. Mo ti ka ìwé dé ilé-ìwé gíga, mo ti lọ́kọ, mo ti bí ọmọ méjì, síbẹ̀ bí wọ́n ti dárúkọ rẹ̀, nǹkan kan ta mí láyà gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ta mí nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ẹyẹ ni ó fà á. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹyẹ ni.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí òrùlé páànù ń da omi òjò sínú àgbá fún, ẹ kò lè mọ ohun tí omi jẹ́ ní Abereke ayé ìgbà náà. Òkun wà níwájú wa, odò wà lẹ́yìn wa, òùngbẹ sì ń gbẹ wá láàárín méjèèjì. Nígbà òjò, omi odò a máa dùn. Ẹ óò kàn na igbá sísàlẹ̀ láti orí pákó ilé yín, ẹ óò bù ú mu. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, òkun yóò wọlé tọ odò wá, gbogbo omi yóò di iyọ̀. Nígbà náà, omi òjò tí a ti gbè pamọ́ sínú ìkòkò ni à ń mu, a ó sì máa fi ife wọ̀n ọ́n. Bí ó bá tán, ọkọ̀ ni à ń wà lọ sókè odò láti àárọ̀ títí di ọ̀sán kí a tó rí omi gidi.

Ilé Sàfú ni ó tẹ̀lé tiwa. Igi àgbọn méjì àti ọgbà màrìwò ni ó wà láàárín wa. Iyanrìn ilẹ̀ wa kì í hu nǹkan kan, nítorí náà bàbá rẹ̀ wọ́ ọkọ̀ ògbólógbòó kan gòkè, ó ra ilẹ̀ dúdú láti òkè odò, ó sì rọ ọ́ kún inú ọkọ̀ náà. Ó gbin ata wẹ́ẹ́rẹ́ sí i, ó gbin tẹ̀tẹ̀, ó tún gbin òdòdó pupa kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀. Ọkọ̀ tí kò lè rìn mọ́ wá di oko. Àwọn ará Abereke a máa ṣe yẹ̀yẹ́ pé Bàbá Ìmàle fẹ́ fi ata wa ọkọ̀ dé Mẹ́kà.

Láràárọ̀, bí ó bá ti kírun tán, omi tí ó bá kù nínú bùùtà tí ó fi ṣe àlùwàlá, Sàfú ni ó máa ń gbé e fún. Sàfú yóò dà á sínú àwokòtò amọ̀ kan tí wọ́n gbé ka imú ọkọ̀ náà. Sàráà ni, wọ́n ní, fún ẹ̀dá tí òùngbẹ ń gbẹ. Ẹ wá wo ẹyẹ! Ẹ̀gà yóò dé pẹ̀lú ariwo, bí ìyàwó méjì tí ó ń jà lórí ọkọ kan. Àdàbà yóò rọra bà, bí ẹni tí a kò pè. Ológoṣẹ́ yóò wọ inú omi, yóò fi ìyẹ́ fọ́n ọn ká. Kékeré kan sì wà tí ó ń dán yinrin, tí ó máa ń fi ẹnu tín-ín-rín mu oyin inú òdòdó pupa náà láìjókòó.

Ìyé àgbà, ìyá tí ó bí bàbá mi, ni ó tọ́ mi. Ojú rẹ̀ ti ṣú nígbà náà, òjìji nìkan ni ó ń rí; ṣùgbọ́n etí rẹ̀! Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ lókèèrè, ìró àjẹ̀ nìkan ni yóò gbọ́ tí yóò fi sọ fún ọ pé lágbájá ni, ọwọ́ òsì sì ń dùn ún. Kí ọ̀ràn ẹyẹ tó dé, àárọ̀ jẹ́ tèmi. Èmi yóò jókòó sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, òun yóò máa fi ọwọ́ wá irun mi, yóò máa dì í, yóò máa sọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹyẹ Sàfú bẹ̀rẹ̀, ó di pé kí ó máa di ògiri mú lọ sí ẹ̀yìnkùlé wọn. Sàfú yóò gbé àpótí fún un, àwọn méjèèjì yóò jókòó. Bí mo bá gbé òòyà wá, yóò ní, "Wá ẹlòmíràn kó bá ọ dì í, ọmọ mi. Àwọn ẹ̀gà ti dé."

Èmi yóò dúró lẹ́yìn màrìwò, èmi yóò máa yọjú wò wọ́n láti ibi ihò, irun mi yóò rí gánnágánná.

Mo ní èmi náà óò ní ẹyẹ tèmi. Mo bẹ Ìyé àgbà fún omi, ó ní, "Omi tí a ó mu ni kí a máa fi ṣe àlejò ẹyẹ?" Mo bá bu omi odò sínú ààbọ̀ igbá, mo gbé e lé orí kùkùté. Mo mọ̀ pé iyọ̀ ni. Mo rò ó pé ẹyẹ Ìlàjẹ ni wọ́n, inú iyọ̀ ni wọ́n bí wọn sí. Lékeléke kò ha ń rìn nínú rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀? Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi lúgọ. Pẹ́pẹ́yẹ aládùúgbò wa nìkan ni ó wá. Ó gun inú igbá náà, ó jókòó sí i, ó sì kọ̀, kò dìde.

Sàfú rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìwọ alára, ṣé o lè mu ún? Ẹnu kò yàtọ̀ sí ẹnu!"

Ìyẹn kò dùn mí tó ohun tí mo rí ní ọjọ́ kejì. Mo rí Ìyé àgbà tí ó ṣí ìkòkò wa, ìkòkò tí ó fi dù mí. Ó bu ife omi kan, ó fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀ kí ó má baà dànù, ó ń fẹsẹ̀ wá ọ̀nà lọ sí ọ̀dọ̀ Sàfú, ó sì dà á sínú àwokòtò wọn. Nígbà tí mo bi í, ohùn rẹ̀ kò yí padà rárá: "Ẹyẹ ti mọ ibẹ̀, ọmọ mi. Ta ni yóò sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣí wá síhìn-ín?"

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, àwọ̀n ńlá gúnlẹ̀, tọmọdé tàgbà sì sá lọ sí etíkun láti bá wọn fà á. Èmi padà. Mo da omi àwokòtò Sàfú sínú iyanrìn, omi gidi, nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Lójú àwọn ará wa, ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí olè. Mo wá bu omi òkun kún un. Ọjọ́ márùn-ún ni mo ṣe é. Láràárọ̀ ni Sàfú ń da ìwọ̀nba omi bùùtà lé e lórí, kò mọ̀ pé orí iyọ̀ ni òun ń dà á sí.

Ẹ̀gà kọ́kọ́ ti ẹnu bọ̀ ọ́, ó gbọn orí, ó tún ti ẹnu bọ̀ ọ́, ó pariwo mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn sì ṣí. Ní ọjọ́ kẹta, àdàbà kan ṣoṣo ni. Ní ọjọ́ karùn-ún, kò sí nǹkan kan. Mo gbọ́ tí Sàfú ń sunkún, tí ó ń bi bàbá rẹ̀ pé, "Ṣé Ọlọ́run kò gba sàráà wa mọ́ ni?" Inú mi dùn. N kò ní parọ́ fún yín, inú mi dùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹfà, Sàfú kò jáde. Ìyé àgbà nìkan ni ó wà lórí àpótí. Ó yí ojú sókè, ó yí i sápá ọ̀tún, sápá òsì. Mo lọ bá a. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Ọmọ mi, sọ fún mi. Ṣé ẹyẹ ni kò wá, àbí etí mi ni ó ti kú?"

Bí mo bá ní ẹyẹ kò wá, yóò béèrè ìdí. Mo ní, "Wọ́n wá, Ìyé. Wọ́n pọ̀ rẹpẹtẹ. Etí yín ni."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá etí kan, ó gbá èkejì. Ó dìde, ó di ògiri mú, ó sì wálé.

Láti ọjọ́ náà, kò sọ ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ bọ̀ mọ́. Bí ènìyàn bá kí i, ọwọ́ ni yóò gbé. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀, yóò ní, "Má da ara rẹ láàmú, n kò gbọ́." Ó sì ń gbọ́! Bí ìdérí ìkòkò bá já bọ́, ó máa ń yí orí. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ti sọ fún un pé kò gbọ́, ó sì gba ọ̀rọ̀ mi ju etí ara rẹ̀ lọ. Mo rí àárọ̀ mi gbà padà. Ó ń di irun mi bíi ti tẹ́lẹ̀, láìsọ ọ̀rọ̀ kan.

Kí òjò tó dé, bàbá Sàfú kó wọn lọ sí Wàrí. Nínú òjò ọdún náà ni Ìyé àgbà kú. Àwọn ẹ̀gà ń kọ́ ilé sórí àgbọn méjèèjì lọ́jọ́ tí a sin ín. Ariwo wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ó wá kí wa fi ń pariwo kí a tó gbọ́ wọn.

Nítorí náà, nígbà tí Ìyá Dùpẹ́ jíṣẹ́ tán, mo tún ọmọ pọ̀n, mo fa Mojí lọ́wọ́, a wọkọ̀ lọ sí Abereke. Òkun ti jẹ ilé wọn àtijọ́ títí dé ibi tí ọkọ̀ ata wà. Sàfú dúró níbẹ̀, aṣọ rẹ̀ ń fẹ́. Òótọ́ ni, ó lẹ́wà.

"Ẹlẹ́sẹ̀ àgbìgbò!" ó kígbe orúkọ yẹ̀yẹ́ tí ó fi ń pè mí ní kékeré, ó sì dì mọ́ mi.

N kò jẹ́ kí ó pẹ́. Mo ní, "Sàfú, èmi ni mo da omi òkun sínú àwokòtò yín."

"Àwokòtò wo?"

"Ti àwọn ẹyẹ."

"Ẹyẹ wo?" Ó wo ojú mi, ó bú sẹ́rìn-ín. "A ní ẹyẹ ni? Ó lè jẹ́ o. Bàbá mi kò ṣàì máa da omi káàkiri."

Ó ti gbàgbé! Ẹkún tí ó sun, ó ti gbàgbé rẹ̀. Mo tún jowú rẹ̀ níbi tí mo dúró sí: ó ti fi ogún ọdún sun oorun tí èmi kò rí sùn.

"Ìyá àgbà yín ni mo rántí," ó wí, ó sì di ọrùn ọwọ́ mi mú. "Báyìí ni ó máa ń dì mí mú. Yóò ní kí n máa sọ àwọ̀ gbogbo nǹkan fún òun. 'Èyí ńkọ́? Ṣé pupa ni, àbí ó ní dúdú díẹ̀?' Mo máa ń parọ́ àwọ̀ fún un nígbà mìíràn, kí ó lè pẹ́ lọ́dọ̀ mi."

N kò mọ̀. Ẹ̀yìn màrìwò ni mo máa ń wà. N kò lọ jókòó tì wọ́n rí lọ́jọ́ kan. Kò sí ẹni tí ó lé mi.

Ohun púpọ̀ ti yí padà. Táǹkì wà, páànù wà, ẹ̀ẹ̀rùn kò lè pa wá bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹyẹ ṣì ń wá omi tí kò ní iyọ̀, owú sì ń bẹ níbi tí mo fi í sí.

Nígbà tí a ń wa ọkọ̀ padà, Mojí ní, "Ìyá, kí ni ẹ ṣe fún ẹyẹ wọn?" Mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò bù ú kù. Mo wá ní, "Iyọ̀ tí mo dà sínú omi, òjò kan ni ì bá fọ̀ ọ́ nù. Irọ́ tí mo pa fún Ìyé àgbà ni òjò kò rí fọ̀. Bí o bá ń jowú ẹnìkan, kódà kó jẹ́ àbúrò rẹ yìí, kódà kó jẹ́ èmi, má ṣe lọ sẹ́yìn màrìwò. Wá jókòó tì wá. A ó sún fún ọ."