Màríà Méjì, Kọ̀ǹpútà Méjì

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ń fi ìdí yọ̀ wálẹ̀ lórí àpáta títí yẹ̀rì mi á fi ya, Màríà méjì ló wà nílé wa ní Ìdàáṣà. Èmi ni ọ̀kan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ni èkejì, òun là ń pè ní Màríà àgbà. Àsìkò tí àwọn èrò máa ń wá bẹ ihò àpáta Màríà Mímọ́ wò ni wọ́n bí àwa méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó bi ẹnì kejì rẹ̀ léèrè kó tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nírú ilé bẹ́ẹ̀ mọ ìyà tó wà ńbẹ̀. Bí wọ́n bá ní, "Màríà, lọ pọn omi," a lè jọ dìde ká forí gbárí lẹ́nu ọ̀nà, tàbí kí kálukú jókòó kó máa retí èkejì. Ìkúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ la sì jọ máa ń fi parí rẹ̀.

Pàpá, ìyẹn bàbá mi, olùkọ́ ni, kò sóhun tó mọ̀ tí kì í ṣàlàyé lẹ́ẹ̀mejì. Inú kọ̀ǹpútà àlòkù kan ló gba ohùn Bàbá àgbà sí, níbi tí wọ́n ti ń ki oríkì ilé wa. Nígbà tí Bàbá àgbà kú, Ìyá àgbà ní òun fẹ́ gbọ́ ohùn ọkọ òun. Àmọ́ kọ̀ǹpútà náà ti yadi, bó bá sì gbóná díẹ̀, á pa ara rẹ̀. Gbogbo wa mọ̀ pé kò ní pẹ́ kú, ohùn náà á sì bá a lọ. Pàpá bá ra òmíràn ní Kútọnu, pẹ̀lú okùn tí wọ́n máa fi so méjèèjì pọ̀, kí ohùn náà lè kọjá látinú ọ̀kan sínú èkejì.

Àwa Màríà ni wọ́n kó abẹ̀bẹ̀ fún, ká máa fẹ́ àlòkù kó má baà gbóná. Ẹ gbọ́ ìyẹn ná! Òórùn iṣu sísè ń ti ilé ìdáná bọ̀, apá ń ro wá, Pàpá ń ṣàlàyé. Ó ki okùn bọ inú méjèèjì, iná wẹ́ẹ́rẹ́ ń ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kò dá ara wọn mọ̀. Ó yọ ọ́, ó tún kì í. Ó pa wọ́n, ó tún tàn wọ́n. Ìyá àgbà jókòó sórí àpótí, ó ti wé gèlè bí ẹni ń lọ sí Máàsì, ó ń béèrè ṣáá pé, "Wọn ò tíì dé?" Bí ẹni pé inú ọkọ̀ ni Bàbá àgbà wà ní Paouignan, lójú ọ̀nà ilé! Ebi ń pa mí, inú sì ń bí mi.

Màmá bá pariwo láti ilé ìdáná: "Màríà, wá gún iyán!"

Àwa méjèèjì fò dìde, a forí gbárí, a sì fẹsẹ̀ kọ́ okùn. Pàpá la ẹnu láti bú wa, àmọ́ ojú rẹ̀ bọ́ sára kọ̀ǹpútà méjèèjì, ó sì rí ohun tó ṣe wọ́n. Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà fi ń pe ara wọn, nọ́ńbà kan náà ni Pàpá sì fún méjèèjì, torí ó ní ọmọ ilé kan ni wọ́n.

"Mon Dieu, Ọlọ́run mi," ó ní, "Màríà méjì ni mo tún bí síbí!"

Ó yí nọ́ńbà ọ̀kan padà, ni wọ́n bá dá ara wọn mọ̀.

Ohùn Bàbá àgbà jáde. Wọ́n ki ilé wa dé ìdajì, ikọ́ gbé wọn, wọ́n sì ké: "Màríà! Omi dà?" Àwa méjèèjì dìde tabẹ̀bẹ̀ tabẹ̀bẹ̀. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí, kó tó fi etí gèlè nu ojú.

"Ariwo wọn náà nìyẹn," ni Ìyá àgbà wí.

Lóde òní, kò sí okùn, kò sí abẹ̀bẹ̀. Kútọnu ni Màríà àgbà wà báyìí. Ó tẹ fóònù, ohùn Bàbá àgbà sì dé ọ̀dọ̀ mi lójú ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ mi jókòó ti ara wọn lórí àga kan, kálukú pẹ̀lú fóònù tirẹ̀. Orúkọ wọn ò jọra rárá, síbẹ̀ bí mo bá pe ọ̀kan pé kó bá mi bu omi wá, kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Ó ti sú mi! Ìgbà mìíràn, mo máa ń tan ohùn Bàbá àgbà lórí fóònù mi, mo sì máa ń jẹ́ kó ròkè dáadáa.

"Màríà! Omi dà?"

Èmi nìkan ni mo máa ń dìde.