Ọkọ̀ Tí Bọ̀ọ̀dá Mi Kọ̀ Láti Jókòó Sí

Obì ni mò ń tà. Akaka ni mo ti ń rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, Sábó ní Ṣàgámù ni mo sì ń kó o lọ fún àwọn Hausa tó ń gbé e lọ sí òkè Ọya. Ẹni tó bá ń ṣe òwò yìí kì í fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ṣeré. Obì kì í dúró de ènìyàn. Bí ooru bá mú un, ó di gbígbẹ, kòkòrò á wọ̀ ọ́, oníbàárà á sì gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi di píkọ́ọ̀pù oríṣi kan ṣoṣo mú. Èkíní pa owó tí mo fi ra èkejì, èkejì sì pa owó tí mo fi ra ẹ̀kẹta, tuntun, tí ọ̀rá iléeṣẹ́ ṣì wà lórí àga rẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá mi ló fi irú ọkọ̀ náà hàn mí. Òun ni àkọ́bí bàbá wa, èmi ni àbíkẹ́yìn. Nígbà tí bàbá wa kú, òun ló gba ipò rẹ̀. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni mo jókòó sí títí mo fi jáde ìwé mẹ́fà. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ ra ọkọ̀ àkọ́kọ́, ó mú mi dání, ó fọwọ́ lu ara píkọ́ọ̀pù kan, ó ní, "Èyí ni kí o rà. Kì í ṣe fáàrí. Fún un ní omi, fún un ní epo, má wò ó mọ́." Òun náà ń wa irú rẹ̀. Bí ẹ bá bú ọkọ̀ náà lójú rẹ̀, ẹ ti bú ìyá rẹ̀ nìyẹn.

Ìgbà tí ìdìbò ń sún mọ́lé ni nǹkan yí bìrí. Ọ̀gá iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ náà nílẹ̀ wa níbí jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, ó gbé ọwọ́ olùdíje kan sókè, ó ní ẹ̀yìn rẹ̀ lòun wà. Olùdíje tí bọ̀ọ̀dá mi ò fẹ́ rí sójú ni. Láti kékeré ni bọ̀ọ̀dá mi ti wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀, kò sì yẹsẹ̀ rí. Ìkọ́kọrẹ́ wà níwájú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kò jẹ ẹ́ tán. Kí ọ̀sẹ̀ ó tó parí, ó ti ta ọkọ̀ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀, ó lọ ra àlòkù ti ilẹ̀ òkèèrè kan tó máa ń wúkọ́ kó tó ṣáná.

Mo bi í pé, "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ẹni tó ṣe eléyìí kì í ṣe òṣèlú ní tiẹ̀ ni?"

Ó ní, "Bó bá ń ṣe é, ìlú tirẹ̀ lọ́hùn-ún ni yóò bà jẹ́, ọ̀nà Ògèrè tiwa kọ́."

Mo rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ó ní owó tí a bá san fún ọkùnrin yẹn ló máa fi ṣe ìpolongo fún ẹni tí a ò fẹ́, ó ní ẹni tó bá ń bọ́ adìyẹ aládùúgbò kó má bínú tó bá wá ba ọgbà rẹ̀ jẹ́. Mo gbọ́, mo rò ó, mi ò gbà. Èmi náà ò ní dìbò fún olùdíje yẹn láéláé. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀gá iléeṣẹ́ kọ́ ni mo rà, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni mo rà, ẹsẹ̀ náà kò sì já mi kulẹ̀ rí. Bọ̀ọ̀dá mi kò béèrè ibi tí ìbò mi wà. Ọkọ̀ tí mo rà ló wò, ó sì gbà pé ó ti mọ ìyókù.

Wàyí o, ilé wa ní àṣà kan. Ọkọ̀ tuntun kì í ru ẹrù àfi bí àgbà ilé bá kọ́kọ́ jókòó sínú rẹ̀, kó gbàdúrà, kó sì bá a dé ibi tí yóò ti ru ẹrù àkọ́kọ́. Bàbá wa ṣe é fún kẹ̀kẹ́ pàápàá. Nígbà tí mo gba ẹ̀kẹta yìí, mo fọ̀ ọ́, mo wà á lọ sí ilé bọ̀ọ̀dá mi ní Ìbídó. Ó jáde, ó rí àmì iléeṣẹ́ náà níwájú ọkọ̀, ó ní, "Gbé e kúrò ní ulé mi," ó sì ti ilẹ̀kùn.

Mo ti ta píkọ́ọ̀pù àtijọ́. Obì wà ní Akaka nínú apẹ̀rẹ̀, àwọn obìnrin tó ń bá mi bó o ń tú u, wọ́n ń yí ewé rẹ̀ padà kó má baà gbóná. Oníbàárà mi ní Sábó ń pè: "Màmá, obì dà?" Ọkọ mi ní kí n pe pásítọ̀ kó wá gbàdúrà sí i. Mo ní, "Pásítọ̀ kọ́ ló gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́." Mo lè kó ẹrù láìdúró de ẹnikẹ́ni, ta ni yóò mú mi? Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, mo ti sọ fún ẹni tó tọ́ mi pé kì í ṣe àgbà mi mọ́ nìyẹn. Bí obì bá bàjẹ́, yóò dùn mí. Ìyẹn ni yóò dùn mí jù.

Mo padà lọ ní kùtùkùtù, mo mú obì kan tó ti ń gbẹ létí dání, mo gbé e sí i lọ́wọ́. Ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní:

"Ṣé bàbá wa sọ pé iwájú ni àgbà gbọ́dọ̀ jókòó sí?"

Mo ní, "Rárá, sà. Wọ́n kàn ní kó jókòó sínú ọkọ̀ ni."

Ó wọlé, ó wọ agbádá tó le gbagidi, ó jáde. Ó ní kí wọ́n gbé àpótí ìjókòó wá, ó sì gun ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, níbi tí obì ń jókòó sí. "Àga ọkùnrin yẹn ni ìdí mi ò ní kàn," ó ní. "Ẹ̀yìn yìí, irin lásán ni." Ó gbàdúrà, àdúrà náà gùn, mo ṣe àmín. Mo ní ó tó, kó sọ̀ kalẹ̀, kó má baà rẹ̀ ẹ́. Ó ní òun kì í ṣe àṣà ní ìlàjì.

Bí mo ṣe wa bọ̀ọ̀dá mi la Ṣàgámù kọjá nìyẹn, òun àti agbádá rẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń kí i, ó ń dá wọn lóhùn bíi pé ohun tó máa ń ṣe lójoojúmọ́ ni. Nígbà tí a wọ ọ̀nà oko, ó gbá orí ọkọ̀ gbàgbàgbà: "Rọra! Obì kọ́ ni mí!" Ẹ̀rín ń pa mí, omi sì ń bọ́ lójú mi.

Ní Akaka, mo sọ fún àwọn obìnrin pé kí wọ́n to apẹ̀rẹ̀ náà kún, kí wọ́n má fi àyè sílẹ̀, kí wọ́n sì fi tapólì bò ó, torí ojú ọ̀run ti ń ṣú. Wọ́n tò ó kún. Kò sí ibi tí ológbò lè jókòó sí.

Bọ̀ọ̀dá mi dúró, ó wo ẹ̀yìn ọkọ̀, ó wo òkè. Ọlọ́kadà kan ti sún mọ́ ọn: "Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ." Mi ò ṣílẹ̀kùn fún un, mi ò bẹ̀ ẹ́. Mo mọ ẹ̀gbọ́n mi. Bí ẹ bá tì í, ẹ ti sọ ọ́ nù. Mo jókòó sí àga awakọ̀, mo ń wo iwájú. Ó ju ọwọ́ sí ọlọ́kadà pé kó máa lọ, ó ṣí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ó wọlé.

"Ìbò mi ò yí padà o," ó ní.

"Tèmi náà ò yí padà, sà. Mi ò ní dìbò fún ẹni yẹn."

Ó yíjú sí mi. "Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ ò bi mí."

Òjò bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tí nǹkan ń ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bọ̀ọ̀dá mi ń bó ọ̀rá iléeṣẹ́ kúrò lára àga tó jókòó lé, díẹ̀díẹ̀, ó ń gbé ìdí sókè kó lè fa ti abẹ́ rẹ̀ yọ. Kí a tó dé Sábó, ó ti bó o tán, ó ká a dáadáa sórí itan rẹ̀.