Àǹtí Ìgbà Oúnjẹ Ọ̀sán

Bísíkíìtì tí à ń ṣe nílé iṣẹ́ wa nígbà náà, mi ò ní fi eyín ọ̀tá mi dán an wò. Ìjọba sọ́jà ti ní kí àlìkámà má wọlé láti òkè òkun mọ́, làwọn ọ̀gá wa bá ń po ìyẹ̀fun àgbàdo mọ́ ti ẹ̀gẹ́, wọ́n ń yan án, wọ́n sì ń pè é ní bísíkíìtì. Àwa obìnrin là ń kó o sínú ọ̀rá, nínú ilé gbọọrọ kan láàárín Àgídìngbì àti Ọgbà, tí òórùn ṣúgà jíjóná kì í kúrò lára aṣọ ẹni bó ti wù kí èèyàn fọ̀ ọ́ tó.

Mo ti ka ìwé mẹ́wàá, mo sì gbà pé mo gbọ́n ju iṣẹ́ náà lọ. Ṣùgbọ́n bàbá mi, tí SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba sọ́jà náà, ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, wà nílé wa ní Agége, wọ́n ń tú rédíò tí kò bàjẹ́ láti tún un ṣe. Èmi ni mò ń gbé oúnjẹ wọlé. Bí wọ́n bá lé èmi náà, àwa méjèèjì la ó jọ máa tú rédíò.

Lónìí tí mo ti di ẹni tó ń kọ ìwé, àwọn èèyàn máa ń bi mí pé obìnrin inú ìwé wo ló kọ́kọ́ kì mí láyà. Wọ́n á máa retí pé kí n dárúkọ akọni kan. Èmi á ní ẹlẹ́kún kan ni. Ọwọ́ ẹlẹ́pà ni mo ti rí ìwé náà. Ó ti ya ìdajì ẹ̀yìn rẹ̀ fi di ẹ̀pà fún àwọn èèyàn, ni mo bá bẹ̀ ẹ́ kó fún mi ní ìyókù. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Obìnrin òyìnbó kan ló wà nínú rẹ̀, àfi ẹkún ṣáá. Ó rí òjò, ó sunkún. Ó gbọ́ ohùn ẹyẹ, ó sunkún. Ọkùnrin kan kí i pé ẹ káàárọ̀, ó sáré wọlé lọ sunkún. Inú bí mi. Ẹkún wà nílé lọ́fẹ̀ẹ́, kí ló dé tí mo tún ń wá a kiri nínú ìwé?

Nítorí náà, nígbà tí àwọn obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n máa sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún àwọn ní Yorùbá, lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, mo yọ ẹkún náà kúrò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé nígbà tí mo yọ ẹkún tán, ìwé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ku nǹkan kan. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í dí àlàfo. Níbi tó ti ń mu tíì, mo fún un ní ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Fìlà orí rẹ̀ di gèlè. Ọkọ tó ń fojú rẹ̀ gbolẹ̀, tí obìnrin náà ń fara dà á fún nínú ìwé, mo jẹ́ kí obìnrin náà kó ẹrù kúrò nílé ọkọ náà lọ́sàn-án gangan, kí gbogbo àdúgbò lè rí i.

Ó dùn mọ́ wọn. Àwọn ọmọ onílẹ̀ tó wà láàárín wa ní ọmọ Agége ni obìnrin náà, ṣé ẹ ò rí i bó ṣe ń sọ̀rọ̀ bí onílé ni. Màmá Èkìtì fárígá. Àwọn ló dàgbà jù nínú gbogbo wa, opó ni wọ́n, ọmọ wọn sì wà nílé ìwé. Wọ́n ní irú agídí yẹn, àfi ìlú àwọn nìkan ni wọ́n ti ń bí i.

Kò sẹ́ni tó lẹ́nu láti máa pe obìnrin bẹ́ẹ̀ ní obìnrin inú ìwé. Àǹtí la ń pè é, bí a sì ti ń sọ̀rọ̀ ẹni tó juni lọ la ṣe ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Láràárọ̀ ni Màmá Èkìtì máa ń bi mí pé, "Àǹtí ńkọ́? Ṣé wọ́n sùn dáadáa?" Èmi á ní wọ́n sùn, wọ́n ní kí n kí yín.

Ohun tó ń bí wa nínú jù nílé iṣẹ́ náà ni géètì. Tí a bá ṣíwọ́, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, sọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé, á tò wá sí ìlà, á ní ká tú gèlè. Á wá máa ki ìka bọ inú irun wa, ó ń wá bísíkíìtì. Àwọn ọkùnrin kàn ń fọwọ́ gbá àpò sòkòtò wọn ni, wọ́n ń kọjá lọ. Èwo nínú wa ló máa jí irú bísíkíìtì yẹn? Ìtìjú náà máa ń bá mi délé, mi ò sì lè sọ ọ́ fún bàbá mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, pẹ̀lú ìbínú yẹn, mo jẹ́ kí Àǹtí náà dé irú géètì bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ní kí wọ́n tú gèlè. Àǹtí wò ó láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Orí mi kì í ṣe àpò. Ẹ lọ wá obìnrin bíi tèmi kó wá tú u." Àwọn obìnrin hó yèè débi pé súpáfáísọ̀ yọjú wò wá. Inú mi dùn sí ara mi gan-an. Mo ti gbàgbé pé àwọn tó ń gbọ́ mi náà wé gèlè.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, Màmá Èkìtì ló wà níwájú ìlà.

"Màmá, ẹ tú u," ni ẹ̀ṣọ́ wí.

"Orí mi kì í ṣe àpò," ni Màmá fèsì, ohùn wọn ò tiẹ̀ gbọ̀n. "Ẹ lọ wá obìnrin."

Ẹ̀ṣọ́ pariwo "Attention!" bíi pé bárékè la wà. Kò sẹ́ni tó mira. Obìnrin tó tẹ̀lé Màmá fọwọ́ di gèlè tirẹ̀ mú, ó ní Àǹtí ti sọ pé ká má tú u. Bí ìlà ṣe dúró gbagidi nìyẹn, títí tí ọkọ̀ tó fẹ́ kó bísíkíìtì jáde fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ fèrè lẹ́yìn wa. Wọ́n bá ní ká máa lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá tó ń gbani síṣẹ́, tó sì ń léni, tí gbogbo wa ń pè ní Pásónẹ́ẹ̀lì, ránṣẹ́ pe Màmá. Ohun tí Màmá ròyìn fún wa nìyí.

"Màmá, ta ló kọ́ yín lọ́rọ̀ yìí?"

"Àǹtí ni, sà."

"Which Àǹtí?"

"Àǹtí ìgbà oúnjẹ ọ̀sán."

"Ṣé staff wa ni?"

"Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bẹ lọ́dọ̀ wa, sà."

Màmá ò parọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ní bí òun ò bá rí Àǹtí yìí kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Màmá lòun máa lé. Níbo ni opó ti fẹ́ rí iṣẹ́ mìíràn nígbà tí àwọn ọkùnrin tó gbọ́n, tó le, ń jókòó sílé? Mo dìde pé kí n lọ jẹ́wọ́, mo rántí bàbá mi àti rédíò, mo tún jókòó. Kí n tó mọ èyí tí màá ṣe, wọ́n ti ránṣẹ́ pe èmi náà, torí wọ́n gbọ́ pé èmi ni mo sún mọ́ Àǹtí jù.

"Ìwọ lo mọ̀ ọ́n?"

"Mo mọ̀ wọ́n, sà."

"Níbo ló ń gbé?"

"Wọ́n ti kó kúrò nílé ọkọ, sà. Wọn ò tíì rí ibi tí wọ́n máa dúró sí."

"Ẹni tó kọ ọkọ!" Ọ̀gá lu tábìlì. "Mo mọ̀! Ìjọba sọ́jà la wà o. Mo lè ní kí wọ́n wá gbé e!"

Ẹ̀rù wá bà mí lóòótọ́. Mi ò tíì gbọ́ ọ rí pé sọ́jà wá ẹnì kan tì, ó sì padà lọ́wọ́ òfo. Mo la ẹnu láti sọ pé inú ìwé ni. Ìgbà náà ni ẹ̀ṣọ́, tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, fẹsẹ̀ kilẹ̀.

"Mo mọ obìnrin náà, sà. Ó ga, ó dúdú, bàtà gíga ló máa ń wọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣọ́ ọ."

Mo pa ẹnu mi dé. Ta ni mo jẹ́ tí màá ní sọ́jà ń parọ́?

Wọ́n wá fáìlì Àǹtí títí, wọn ò rí i. Ọ̀gá bú akọ̀wé rẹ̀ pé ó ti sọ ọ́ nù. Ó dà bíi pé ojú ń tì í láti sọ fún àwọn ọ̀gá àgbà pé òṣìṣẹ́ kan wà tí òun ò mọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ara ògiri. Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Àǹtí, wọ́n ti lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ dé tòsí géètì mọ́. Wọ́n dárí ji àwọn tó ṣì lọ́nà. Láti ọjọ́ Ajé, obìnrin ni yóò máa yẹ obìnrin wò.

Lọ́jọ́ Ajé, obìnrin tí wọ́n gbà fún iṣẹ́ náà dé. Ó ga, ó dúdú, ó wọ bàtà gíga. Ẹ̀ṣọ́ dínà mọ́ ọn, ó ní òun ti mọ̀ pé yóò padà wá. Ìta géètì ló wà títí di ọ̀sán, tí ọ̀gá fi wá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún un. A rẹ́rìn-ín débi pé bísíkíìtì ń bọ́ lọ́wọ́ wa.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a jókòó jẹun, ẹ̀rín náà tán. Ojú Màmá Èkìtì pọ́n.

"Àwa la ṣẹ̀," ni wọ́n wí, "Àǹtí ni wọ́n lé." Wọ́n kọjú sí mi. "Kí ni Àǹtí wá ṣe?"

Mo ṣí ìwé náà. Ojú ewé tó yẹ kó dáhùn ti bá ẹ̀pà lọ tipẹ́. Mo rántí bàbá mi, tí omi ò jáde lójú wọn lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, tó jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n wọlé wá, tí wọ́n wá nǹkan tí wọ́n máa fi tú rédíò. Fún ìgbà àkọ́kọ́, mi ò yọ ẹkún kúrò. Mo ní Àǹtí jókòó sẹ́bàá títì ní Àgídìngbì, wọ́n gbé orí lé orúnkún, wọ́n sì sunkún bí obìnrin òyìnbó náà ṣe ń sunkún gẹ́lẹ́. Ẹnì kan fa imú. Láìpẹ́, gbogbo wa ti ń sunkún, tèmi ló sì pọ̀ jù.

Màmá Èkìtì fi etí gèlè nu ojú wọn, wọ́n gbá tábìlì.

"Ó tó. Sọ fún wọn kí wọ́n dìde, kí wọ́n bọ́jú, kí wọ́n tún gèlè wọn wé. Mo gbọ́ pé wọ́n ń gba èèyàn síṣẹ́ ní Ọgbà."