Jímọ̀ Tí A Ṣe Àmín Lé Bọ́ọ̀lù Lórí

Èmi kì í ṣe oníjà ènìyàn. Ẹni tí kò bá gbà bẹ́ẹ̀, kó wá síwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Adéwọlé ká jọ yanjú ẹ̀. Ohun tó ń mú mi pariwo kò ju bọ́ọ̀lù lọ, bọ́ọ̀lù náà kò sì ju ti àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ. Àwọn ẹlòmíì ń jà lórí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù òyìnbó tí wọn ò ní fojú kàn láéláé. Tiwa yàtọ̀. Àwọn ọmọ tí a jọ ń wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá, tí a mọ ilé ìyá wọn, là ń jà lé lórí.

Aránṣọ ni mí. Ògiri kan ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù mi àti ti agẹrun. Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán, àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù á bẹ̀rẹ̀ sí í dé: awakọ̀ láti Ọ̀fà Garage, tíṣà, oníṣòwò, ẹni tó fẹ́ gẹrun àti ẹni tí kò ní irun kan lórí mọ́. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú wa, wọ́n á sì máa jiyàn lórí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó yẹ kó wà nípò kìíní nílùú Ìlọrin. Agẹrun ní pátákó dúdú kan tó gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹgbẹ́ tí a bá fẹnu kò lé lórí ni yóò fi ṣọ́ọ̀kì kọ sókè pátápátá, títí di Jímọ̀ mìíràn. Ọ̀gá oníkẹ́míìsì tó wà ní òdìkejì títì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Onígbàgbọ́ gidi, la fi ṣe alága, torí ó ní ohùn, kò sì gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ kankan.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì pọ̀ ní Ìlọrin, àmọ́ ìjà wa kì í kọjá méjì. Mi ò ní dárúkọ wọn. Àwọn kan ń wọ jẹ́sì pupa, àwọn kejì ń wọ funfun, Pupa àti Funfun la sì ń pè wọ́n. Agẹrun, Pupa ni. Bó bá ń ròyìn wọn, ẹ̀rọ ìgẹrun á dúró sórí ẹni tó ń gẹ̀ lọ́wọ́, onítọ̀hún á máa bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó tiẹ̀ parí ẹ̀gbẹ́ kan ná. Èmi, Funfun ni mí, gbogbo àdúgbò ló sì mọ ìdí rẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, ni aṣọ́lé wọn, kípà.

Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ wọn kò jìnnà sí Adéwọlé. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n láti kékeré, bí nǹkan bá ti ń já bọ́, ọwọ́ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ débẹ̀. Ìgò òróró, ife tíì, ọmọ mi àgbà nígbà tó ń kọ́ ìrìn, gbogbo wọn ló ti hán rí. Mo fẹ́ràn ọmọ náà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù sójú ilé rẹ̀, èmi tí mo wà lórí ìjókòó ni mo máa ń na ọwọ́ méjèèjì láti hán an.

Bàbá wa ń ta táìlì ní Ọjà Tuntun. Wọn kò sọ pé bọ́ọ̀lù burú o. Ohun tí wọ́n sọ ni pé bí àbúrò mi bá ti ṣe ìdánwò àṣekágbá tán, bọ́ọ̀lù ti parí nìyẹn, kó wá jókòó ti àwọn nínú ṣọ́ọ̀bù. "Eré ni eré ń jẹ́," ni wọ́n wí. Nílé tiwa, bí Bàbá bá ti sọ̀rọ̀ báyẹn, tí wọ́n wá fa tẹ̀sùbáà wọn yọ, ẹnikẹ́ni kì í tún ọ̀rọ̀ yẹn dá mọ́. Ìdánwò náà sì ti dé tán.

Àsìkò yẹn gan-an ni ọkùnrin kan wá gẹrun. Ọmọ àdúgbò wa ni, ó ti lọ di kóòṣì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá kan ní Ìbàdàn. Ó ní ẹgbẹ́ òun ń bọ̀ wá sí Ìlọrin, àwọn fẹ́ bá kọ́lẹ́ẹ̀jì tó dára jù gbá bọ́ọ̀lù, òun á sì fi ojú wá ọmọ tó bá mọ̀ ọ́n gbá, kí òun mú un lọ.

"Ẹ̀yin lẹ kúkú ń wò wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀," ló sọ, ó ń wo dígí. "Ẹgbẹ́ tó bá wà lókè pátákó yín ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, àwọn la máa bá gbá."

Bí Pupa bá wà lókè, Pupa ni ọkùnrin yìí máa rí. Àbúrò mi á ṣe ìdánwò rẹ̀, á lọ máa gbọn eruku lórí táìlì, kò sì ní sí kóòṣì kan láyé yìí tó máa mọ̀ pé ọmọ náà wà. Mo ranṣọ lọ́jọ́ yẹn, mo rán apá ẹ̀wù mọ́ ọrùn.

Jímọ̀ dé. Bẹ́ǹṣì kún, àwọn mìíràn wà lórí ìnàró. Ká má parọ́ fún Ọlọ́run, Pupa dára jù wá lọ. Èmi náà mọ̀. Àmọ́ ta ni ń fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́ irú ìyẹn?

"Ẹgbẹ́ tó ti nà yín, tó tún padà wá nà yín, kò ṣáà lè kéré sí yín," ni agẹrun wí.

"Rẹfirí ló nà wá!"

"Àǹtí, rẹfirí ló gbá bọ́ọ̀lù sínú ilé yín ni?"

"Òun ló fọn fèrè sí i!"

Ọ̀gá oníkẹ́míìsì ní kí n fara balẹ̀. Mo ní mo ti fara balẹ̀. Ó ní ẹni tó fara balẹ̀ kì í na àlùmọ́gàjí sójú ènìyàn. Mo wo ọwọ́ mi, lóòótọ́, àlùmọ́gàjí mi ló wà níbẹ̀. Mo gbé e sẹ́yìn.

Mo wá fi ọ̀rọ̀ àgbà bọ̀ ọ́. Mo ní wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní Funfun kí wọ́n tó ro igbó tí wọ́n kọ́ Pupa sí, pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

"Àkísà náà la rí lọ́rùn yín!" ni agẹrun dá mi lóhùn.

Ẹ̀rín bú. Ó dùn mí wọra, àmọ́ ẹ̀rín fẹ́ pa èmi náà. Kí n má bàa rẹ́rìn-ín ni mo fi tún pariwo, agẹrun náà pariwo, gbogbo bẹ́ǹṣì bá dìde.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bàbá Àáfà kan yọ sí wa. Nínú ìlú lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé kéwú, jàlàbíà tí mo rán fún wọn ni wọ́n wá gbà. Wọ́n ti dàgbà gan-an, bọ́ọ̀lù kò sì kan ọ̀nà tiwọn rárá. Bí wọ́n ṣe kí wa, "Sàlámù aleekun," gbogbo ariwo rọlẹ̀. Èmi kúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n ní kí ló dé tí ohùn wa fi ń dé ìkọríta.

Ojú ti alága wa láti sọ pé àgbà bíi tiwọn bá wa lórí ìjà bọ́ọ̀lù. Ó kàn ní, "Bàbá, ilé-ẹ̀kọ́ méjì ni. Àwọn méjèèjì ń du ipò iwájú mọ́ ara wọn lọ́wọ́."

"Èwo ló kọ́kọ́ dáyé nínú wọn?"

Agẹrun kì í purọ́ fún àgbà. Ó ní, "Funfun ni, Bàbá."

"Ó tán. Ẹni tó ṣáájú ni kó wà níwájú. Ẹ jẹ́ ká ṣàdúà."

Ẹni tí kì í ṣe ará Ìlọrin lè má mọ ohun tí gbólóhùn yẹn máa ń ṣe sí wa. Bí àgbà bá ti ní ká ṣàdúà, àtẹ́lẹwọ́ wa á ti là kí etí wa tó gbọ́ ohun tí wọ́n ń tọrọ. Bàbá Àáfà ka Fátíhà. Wọ́n ní kí Ọlọ́run fi Funfun síwájú. Àmín! Kí ẹnikẹ́ni má lè gba ipò náà lọ́wọ́ wọn. Àmín! Kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i. Àmín! Ohùn agẹrun ló rinlẹ̀ jù nínú gbogbo wa. Ìgbà tó fi ọwọ́ méjèèjì nu ojú tán ló tó mọ nǹkan tó ṣàmín sí.

Bàbá Àáfà gba jàlàbíà wọn, wọ́n súre fún mi, wọ́n bá tiwọn lọ.

"Ẹ̀yin lẹ lọ pè wọ́n wá!" Agẹrun nàka sí mi.

"Wàláhì, mi ò pè wọ́n!"

Ẹnì kan ní ká tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Ọ̀gá oníkẹ́míìsì bi wá pé, "Ta ni kò ṣàmín níbí?" Ó ní, "Èmi gan-an ṣe é, mo tún fi 'ní orúkọ Jésù' gbè é lẹ́sẹ̀. Ta ló fẹ́ lọ sọ fún Ọlọ́run pé a ò ṣe mọ́?" Ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Agẹrun mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ Funfun sókè pátákó. Bó ti ń tẹ̀ ẹ́ tìbínú-tìbínú ni ṣọ́ọ̀kì náà dá mọ́ ọn lọ́wọ́. Èmi ń jó.

Mo sáré gbé ìròyìn délé. Àbúrò mi ń jẹun lọ́wọ́. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Àǹtí mi, ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n máa nà wá?"

"Dákẹ́ ẹnu ẹ."

"Àwọn tó wà níwájú mi kò lè dá àwọn ará Ìbàdàn dúró. Orí mi ni gbogbo ẹ̀ máa dà lé."

Ó tún mú ṣíbí, àmọ́ kò jẹun mọ́, ó kàn ń ro oúnjẹ kiri. Kí wọ́n rí i ni mo ti ń wá láti ọjọ́ yìí. N kò ronú kan ohun tí wọ́n máa bá lára rẹ̀ bí wọ́n bá rí i. Láti ìgbà náà títí di ọjọ́ bọ́ọ̀lù, ẹ̀rù ò jẹ́ kí n gbádùn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbá a, gbogbo bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀bù agẹrun ló kó ara wọn dé pápá. Agẹrun wọ jẹ́sì pupa wá, ó dúró sẹ́yìn ilé tí àbúrò mi ń ṣọ́, ó káwọ́ lérí àyà, ó ní òun wá wo ibi tí àmín máa gbé wa dé ni.

Àwọn ará Ìbàdàn kò fi àánú gbá a. Bọ́ọ̀lù kàn ń rọ̀ sójú ilé wa ni. Àwọn tó yẹ kó dí ọ̀nà ń wo bọ́ọ̀lù lọ bí ẹni tó ń wo ọkọ̀ tó já wọn sílẹ̀. Àbúrò mi fò, ó hán an. Ó tún fò, ó fi ìkúùkù gbá a dànù. Ó fi àyà gbà á, ó fi orúnkún gbà á. Ọ̀kan wọlé. Òmíràn tún wọlé. Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀lù kan gbà á lójú gbàà, ẹ̀jẹ̀ sì dà nímú rẹ̀. Ó fi apá jẹ́sì funfun nù ún, ó tún dúró.

"Kípà!" Ohùn kan ké lẹ́yìn ilé. "Kípà! Ọmọ wa nìyẹn!"

Agẹrun ni. Ọwọ́ ti kúrò lérí àyà.

"Ọmọ ta?" ni mo bi í.

"Àǹtí, ẹ má bá mi jà báyìí, ẹ jẹ́ n wòran!"

Ibi tí mo ti fẹ́ dá a lóhùn ni mo ti rí Bàbá wa. Wọ́n dúró lẹ́bàá ọgbà pápá, wọ́n ká apá agbádá sórí èjìká, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn, wọn kò sì fà á. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé wọ́n ń bọ̀. Láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti ń gbá bọ́ọ̀lù, wọn kò wá wò ó rí. Mo ní, áà, ọjọ́ tí wọ́n máa wá, ọjọ́ ìnà ni wọ́n kúkú wá yìí.

Mẹ́rin sí òdo ló parí sí. Àbúrò mi jókòó sílẹ̀ láàárín òpó méjèèjì, ó fa jẹ́sì bojú. Mo ń sáré lọ bá a, kóòṣì Ìbàdàn ti ṣáájú mi débẹ̀. Ó lóṣòó tì í.

"Ká ní Pupa la bá gbá ni," ló ń sọ fún un, "aṣọ́lé wọn ì bá fẹ́rẹ̀ má fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Ìwọ ni gbogbo ọmọ mi gbá bọ́ọ̀lù fún lónìí, mo sì ti rí gbogbo ohun tí mo fẹ́ rí. Mo fẹ́ kí o wá sí Ìbàdàn. Àmọ́ bàbá rẹ ni yóò yọ̀ǹda rẹ."

Àbúrò mi ṣí ojú. Ó wo mí, ó wo ẹ̀yìn mi. Bàbá ti dé. Kóòṣì dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀, Bàbá kò tíì wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Imú ọmọ wọn ni wọ́n ń wò.

"Ṣé ó ń dùn ẹ́?"

"Ó ń dùn mí, Bàbá."

"Mo rí i bó ṣe ń bọ̀ lójú ẹ. Kí ló dé tí o ò yẹ̀ ẹ́?"

Ọ̀rọ̀ náà ṣe àbúrò mi bákan. Ó wò wọ́n bí ẹni pé wọ́n bi í ní ìdí tó fi ń mí.

"Èmi ni mò ń ṣọ́lé, Bàbá. Bí mo bá yẹ̀ ẹ́, kò sí ẹlòmíì lẹ́yìn mi."

Bàbá wa fa etí agbádá wọn, àwọn tí wọn kì í jẹ́ kí a fọwọ́ ọbẹ̀ kan agbádá, wọ́n fi nu ẹ̀jẹ̀ imú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí kóòṣì.

"Èmi fúnra mi ni n óò mú un wá sí Ìbàdàn," ni wọ́n wí.

Mo bú sẹ́kún níbẹ̀, lójú gbogbo ayé, agẹrun oní-Pupa náà sì ń bá mi sun ún.